Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ pé káwọn ará abúlé wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣe ẹ̀rọ omi fún wọn?

Torí pé àwọn tó máa lò ó ló mọ ẹni tó máa fa omi, iye tágbára wọn ká, àti ẹni tó máa tún un ṣe tó bá bàjẹ́. Ẹ wo PlayPump tó ti South Africa wá, ẹ̀rọ táwọn ọmọdé á máa fi yí bírí bíi pé wọ́n ń ṣeré, tómi á sì máa gòkè lọ sínú táǹkì. Lọ́dún 2006 wọ́n kéde owó ńlá fún un ní Amẹ́ríkà, wọ́n láwọn máa ri 4,000 tó bá fi máa di 2010, wọn ò débẹ̀ rárá. Ọmọdé ò lè ṣeré látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kẹ̀, tí wọ́n bá ti lọ síléèwé àwọn ìyá ló ń yí i, ó sì máa ń rẹ̀ wọ́n gan-an, tó bá wá bàjẹ́ àfi kí wọ́n máa retí mẹkáníìkì láti ọ̀nà jíjìn.

Afridev, ẹ̀rọ omi tí wọ́n ń fọwọ́ fà, yàtọ̀. Ní Malawi àti Kenya ni wọ́n ti ṣe é láàárín 1980 sí 1989, àtìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì ti ní in lọ́kàn pé ará abúlé ló máa tún un ṣe. Sípánà kan ṣoṣo ló ń tú u, èèyàn á kàn fa písítìnì tó ń gbé omi sókè àti fáàfù ìsàlẹ̀ tí kì í jẹ́ kómi pa dà gba inú páìpù jáde, páìpù fúnra ẹ̀ ò ní kúrò nínú kànga. Ohun tó wù mí jù nípa ẹ̀ nìyẹn.

Àmọ́ tí pátì tí wọ́n máa fi pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́ ò bá sí nítòsí, òun náà á dẹnu kọlẹ̀, kànga tó bá sì jìn ju nǹkan bíi mítà 45 lọ, ẹ̀rọ míì ni kí wọ́n wá.