Gílóòbù tẹlifíṣàn onípírọ́jẹ́kítọ̀: èwo ni ká rà, èwo ni ká fi sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tẹlifíṣàn wa jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ńláńlá ayé àtijọ́ tó ń lo gílóòbù. Àwòrán rẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, ní báyìí ohùn nìkan ló ń jáde. Iye tí wọ́n pe gílóòbù rẹ̀ bà mí lẹ́rù, àmọ́ mo rí òmíràn tí owó rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?

Ìdáhùn: Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó èyíkéyìí, ẹ jẹ́ kó dá yín lójú pé gílóòbù ló kú. Ẹ tan tẹlifíṣàn náà, kẹ́ ẹ fetí sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí fáànù bá ń yí, tẹ́ ẹ sì ń gbọ́ ìró kékeré bíi pé ó fẹ́ ṣáná tí iná ò gbà, tí iná àmì gílóòbù wá ń ṣẹ́jú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gílóòbù lóòótọ́, pàápàá bí àwòrán ti ń ṣú tẹ́lẹ̀. Bí ẹ ò bá gbọ́ ìró yẹn rárá, ẹ fura sí ballast, pátákó tó ń fún gílóòbù níná, tàbí ìdérí tí kò wọlé dáadáa. Bọ́tìnì kan wà lábẹ́ ìdérí yẹn tí kì í jẹ́ kí iná kọjá bó bá ṣí sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ àmì funfun kéékèèké ló ń pọ̀ sí i lójú tẹlifíṣàn DLP (irú tó ń fi chip tó kún fún dígí kéékèèké ya àwòrán), gílóòbù tuntun ò lè wo ìyẹn sàn. Chip inú rẹ̀ ló ń kú. (Àwọn tẹlifíṣàn tó ń lo túùbù mẹ́ta, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, kò tiẹ̀ ní gílóòbù kankan.)

Ohun tó mú un wọ́n ni pé kò sí wáyà tó ń pọ́n nínú rẹ̀. Iná ń fò láàárín ọ̀pá tungsten méjì tí àlàfo wọn ò ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ, nínú èéfín mákúrì tó ń ti gíláàsì látinú pẹ̀lú agbára tó tó nǹkan bí ìlọ́po 200 ti afẹ́fẹ́ ìta. Bí iná yẹn bá yẹ̀ díẹ̀ kúrò ní ojúkò, ibi tí dígí tó yí i ká ti ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, àwòrán á ṣú. Ibi tí ayédèrú ti ń dín owó kù nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kò ṣe gílóòbù fúnra wọn. Irú àwọn Philips, Osram àti Ushio ló ṣe é fún wọn. Nítorí náà, ẹ lè ra ojúlówó gílóòbù níhòòhò, kẹ́ ẹ fi sínú ilé rẹ̀ àtijọ́ (ike tó gbé e dúró), bí ilé náà ò bá tíì jóná tàbí sán. Ó dínwó ju kẹ́ ẹ ra tilé-tilé. Ẹ ṣọ́ra o: wọ́n máa ń kó ayédèrú sínú ilé tó rẹwà. Orúkọ ara gílóòbù ni kẹ́ ẹ kà, kì í ṣe ti páálí.

Ẹ fi wákàtí ṣírò rẹ̀. Ojúlówó sábà máa ń lo 3,000 sí 6,000 wákàtí. Bí tiyín bá jẹ́ 6,000, èyí tí owó rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ lò ju 2,000 lọ kó tó jèrè. Ẹ béèrè oṣù tí wáránítì rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí kò lè dá a lóhùn, ẹ má rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ yọ wáyà kúrò lára iná, kẹ́ ẹ dúró fún wákàtí kan kó tutù. Ẹ tú síkúrù ilé rẹ̀, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kẹ́ ẹ fà á jáde tààrà. Ìka ò gbọ́dọ̀ kan gíláàsì inú: òróró ara á jóná mọ́ ọn, ojú ibẹ̀ á gbóná jù, á sì bẹ́. Bí ìka bá ti kàn án, ẹ fi ọtí ìfọgbẹ́ àti aṣọ mímọ́ nù ún. Ẹ gbọn eruku ojú afẹ́fẹ́ nù, torí ooru ló ń pa wọ́n láìtọ́jọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú menu kẹ́ ẹ dá kíkà wákàtí gílóòbù padà sí òdo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síbẹ̀. Mákúrì wà nínú èyí tó kú. Ẹ fi páálí tuntun dì í, kẹ́ ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́.