Plan kan, ilé ọgọ́rùn-ún, owó gọbọi: ìbéèrè yín lórí ilé ẹ́sítéètì

Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ ilé ẹ́sítéètì ló kún inú àpò lẹ́tà lóṣù yìí, ti òkè òkun àti ti ìtòsí wa níbí, mo wá mú mẹ́ta jáde nínú ẹ̀. Ẹni tí mi ò dá lóhùn kó má bínú, ohun tí ọ̀pọ̀ yín bi náà ló wà nínú mẹ́ta yìí.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín. Kabba ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Texas, ìtòsí Houston, fẹ́ ra ilé, ó wá fi fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp, èmi àti bàbá ẹ̀ jọ wò ó. Ilé yẹn rẹwà o, mi ò ní purọ́, àmọ́ bó ṣe yí fóònù sí àdúgbò báyìí, ilé tọ̀tún ni ilé tòsì, òun náà ló tún wà ní òdìkejì títì, ọ̀dà nìkan ló yàtọ̀ díẹ̀. Bàbá ẹ̀ ní ṣé bárékè ṣọ́jà lọmọ yìí fẹ́ lọ máa gbé ni. Ó tún fi èyí tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ hàn wá, pákó ni! Ilé pákó, wọ́n wá pè é ní luxury, owó ẹ̀ lé ní ìdajì mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn àbúrò ẹ̀ ti ń bínú, wọ́n ní ká sọ fún un kó kó owó yẹn wálé wá kọ́ ilé gidi. Kí lẹ rí sí i? Kí ló dé tí ilé tó jọra tó báyìí á fi wọ́n tó báyìí?
— Ìyá ọlọ́mọ, Kabba

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú àmójútó ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ pákó kúrò lọ́nà: bí wọ́n ṣe ń kọ́lé ní Amẹ́ríkà nìyẹn, olówó wọn àti mẹ̀kúnnù wọn, pákó ni egungun ilé, wọ́n á wá fi bọ́ọ̀dù bò ó nínú. Tí omi ò bá ti ráyè wọ inú ẹ̀, ó lè pẹ́ ju ẹni tó rà á lọ. Ìyẹn kì í ṣe ìrẹ́jẹ.

Jíjọra yẹn gan-an ni ká wò, torí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, òun ló mú kí ilé pọ́kú. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà darí dé, ilé ò sí, ni William Levitt, oníṣòwò ilé kíkọ́ kan, bá kọrí sí oko ọ̀dùnkún kan ní Long Island, lẹ́bàá New York, ní 1947. Ó pín iṣẹ́ ilé kíkọ́ sí nǹkan bí ìpele 26, àwọn kan ò níṣẹ́ méjì ju kí wọ́n da kọnkéré ìpìlẹ̀, wọ́n á ṣe tán, wọ́n á bọ́ sí ilé kejì, àwọn kàpẹ́ńtà á tẹ̀ lé wọn, àwọn tó ń kun ọ̀dà á máa bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tó fi máa di 1951, ilé tó wà níbẹ̀ ti lé ní 17,000. Èyí tó ń tà ní 1949, 7,990 dọ́là ni. Ilé kéékèèké ni, wọ́n jọra wọn bí ìbejì, kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní luxury, àmọ́ ẹni tó rà á rí èrè jíjọra yẹn gbà nínú owó tó san. Àmọ́ wọn ò gba àwa aláwọ̀ dúdú síbẹ̀ o, inú ìwé àdéhùn ni wọ́n kọ ọ́ sí kedere, ọmọ yín ì bá gbé àpò owó dání nígbà náà, wọn ò ní dá a lóhùn. 1968 ni ìjọba àpapọ̀ wọn tó ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wo àwọ̀ èèyàn kó tó ta ilé fún un. Mo kàn ní kí n sọ ìyẹn fún bàbá tó mẹ́nu ba ṣọ́jà.

Ní báyìí, èrè jíjọra ṣì wà, ọwọ́ kọ́ńpìnnì tó ń kọ́lé ló kù sí. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sanwó fún ẹni tó ya plan, wọ́n á fi kọ́ ilé ọgọ́rùn-ún, kàpẹ́ńtà ti mọ ibi tí ìṣó kọ̀ọ̀kan ń lọ, pákó àti fèrèsé ni wọ́n ń rà lápapọ̀ láti ilé iṣẹ́. Ilẹ̀ wọ́n lóòótọ́, owó òṣìṣẹ́ náà gbéra, mi ò jiyàn. Ìyókù, ọ̀ṣọ́ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ bi ọmọ yín bóyá ilé tó ya ní fídíò yẹn gan-an ló fẹ́ rà àbí èyí tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún àlejò, torí pé iye tí wọ́n kọ sí pátákó ẹnu géètì kì í ṣe iye ilé àlejò yẹn, iye ilé lásán ni. Òkúta dídán tó wà ní kíṣìnnì, owó ẹ̀ ọ̀tọ̀. Pákó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ yàrá, ọ̀tọ̀. Pílọ́ọ̀tì tó bá wà ní kọ̀rọ̀ tàbí tó kọ ẹ̀yìn sí adágún omi, ọ̀tọ̀. Wọ́n á tún mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn níbi tó ti máa yan táìlì àti ẹ̀rọ omi, gbogbo ẹ̀ á wá wọ inú owó tí báǹkì yá a, ọmọ yín á máa san èlé lórí ẹ̀rọ omi bàálùwẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún.

Ẹ tún ní kó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Iwájú nìkan ni bíríkì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé báyẹn, bíríkì á dé kọ̀rọ̀, á dúró gbọn-in, pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ìyókù títí dé ẹ̀yìn. Ọ̀dà tẹ́ ẹ rí tó yàtọ̀ náà, ó ní ìdí: plan tí wọ́n ní ò pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú bíi méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á gbé gáréèjì ti èyí sápá ọ̀tún, ti èkejì sápá òsì, wọ́n á yí etí òrùlé díẹ̀, torí pé àwọn ìlú kan ṣòfin pé ilé méjì tójú wọn bára mu ò gbọdọ̀ dúró ti ara wọn. Inú ẹ̀ ò yí padà. Tó bá lọ kí aládùúgbò, kò ní í béèrè ọ̀nà tọ́ílẹ́ẹ̀tì.

Àmọ́ jíjọra yẹn náà ló lè gba ọmọ yín sílẹ̀, òun gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún un. Tí plan kan náà bá ti wà ládùúgbò yẹn fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin, àwọn kan á ti ta tiwọn. Kó wádìí iye tí wọ́n tà á. Ní Texas, òfin ò ní kí wọ́n kéde iye tí wọ́n ta ilé fún gbogbo ayé, kò lè fúnra ẹ̀ rí i tán, ejẹ́ǹtì ló lè bá a yọ ọ́ jáde nínú ìwé wọn, ejẹ́ǹtì tiẹ̀ ni mo wí o, kì í ṣe ọ̀dọ́bìnrin tó ń fún un ní omi tútù àti súìtì nínú ilé àlejò, kọ́ńpìnnì ló ń san owó oṣù ti ìyẹn. Kó mú ejẹ́ǹtì ẹ̀ dání láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn ò ní gbà fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un wá lẹ́yìn. Tí ilé ọlọ́dún mẹ́ta bá kéré sí tuntun gan-an nínú iye, tí plan wọn sì jẹ́ ọ̀kan, kó ra ti ọlọ́dún mẹ́ta, onílé àkọ́kọ́ ti bá a san owó ọ̀ṣọ́. Tó bá sì jẹ́ tuntun ló wù ú dandan, kó mọ̀ pé tóun náà bá fẹ́ tà á láìpẹ́, kọ́ńpìnnì yẹn á ṣì máa ta tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ta ló máa wá ra tiẹ̀?

Kó san owó fún ẹni tó máa yẹ ilé wò fún un kí wọ́n tó fi bọ́ọ̀dù bo pákó, kó tún yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gba kọ́kọ́rọ́. Kó bi wọ́n ní iye owó ẹgbẹ́ onílé, àwọn yẹn ló máa sọ fún un ọ̀dà tó lè kùn àti irú fẹ́ńsì tó lè ṣe. Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù, àmọ́ owó orí ilé wọn wúwo, àwọn ẹ́sítéètì tuntun ìtòsí Houston sì sábà máa ń ní ọ̀kan sí i lórí ẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń san gbèsè omi àti gọ́tà tí wọ́n ṣe síbẹ̀. Iye gbogbo ẹ̀ lóṣù ni kó kà, kó má ka iye ilé nìkan.

Ní ti àwọn àbúrò ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n sinmi. Ìdajì mílíọ̀nù yẹn ò sí lọ́wọ́ ẹ̀! Báǹkì ló fẹ́ yá a, báǹkì ò sì ní yá a kó wá kọ́lé sí Kabba. Ìwọ̀nba tó fi sílẹ̀ ṣáájú nìkan ni tiẹ̀. Kó rórùlé fi bo ọmọ ẹ̀ ná.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, Okun o. Ọmọ Mopa ni mí, mo ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lokoja. Mo fẹ́ ra ilé nínú ẹ́sítéètì tuntun kan níbí, tẹ́rẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́rin, gbogbo wọn rí bákan náà, POP lókè àjà, iná tó ń rọ̀ dirodiro, géètì tó ń dá ṣí. Wọ́n ní tí mo bá san ìdajì kí wọ́n tó parí ẹ̀ àwọn á dín in fún mi. Owó yẹn tó kí n fi kọ́ ilé méjì sí Mopa. Ìyàwó mi ní ká rà á, èmi ń lọ́ra.
— Ọkọ tó ń lọ́ra, Lokoja

ÌDÁHÙN: Máa lọ́ra ẹ lọ, àbúrò mi, ìlọ́ra yẹn dáa.

Ilé jíjọra kì í ṣe tuntun sí wa. Nígbà tí Shagari wà lórí oyè, 1979 sí 1983, táwa Okun ṣì wà lábẹ́ Kwara, ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé káàkiri orílẹ̀-èdè, plan díẹ̀ ni wọ́n ń gbé kiri, ẹni tó bá ti wọ ọ̀kan ti wọ púpọ̀. Low-cost ni wọ́n pè é, kò sẹ́ni tó fi POP tàn wá. Ìwọ wá fẹ́ san owó luxury lórí ọgbọ́n kan náà.

Ohun tó burú nínú plan tí wọ́n ń tún kọ́ ni pé àṣìṣe kan á di ogójì. Mo wọ irú ẹ́sítéètì bẹ́ẹ̀ kan rí, ẹni tó ya plan fi jẹnẹrétọ̀ sápá òsì lẹ́yìn ilé, ó dáa lórí ìwé, àmọ́ wọ́n to ilé ọ̀hún mọ́ra láìyí ọ̀kankan padà, ni jẹnẹrétọ̀ onílé kọ̀ọ̀kan bá bọ́ sábẹ́ fèrèsé yàrá aládùúgbò ẹ̀. Láìnì yẹn látòkèdélẹ̀, èéfín tèmi ni ìwọ ń fà, tìẹ ni ẹnìkejì ẹ ń fà, ẹni tó wà ní ìkángun nìkan ló ń sùn, wọ́n sì ti gba owó kọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òun náà. Nítorí náà má wo ilé kan, dúró láàárín méjì kó o wo ohun tí ẹ̀yìn tọ̀hún ń ṣe sí fèrèsé tìẹ.

Lọ síbẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, má lọ ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n dá fún ẹ. O mọ ooru Lokoja, àfonífojì odò la wà, kò jọ Mopa, tí gíláàsì gbàgà bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, wàá fi ẹ́ésì san owó oṣù ẹ fún àwọn oníná. Wo òrùlé náà. Èyí tí wọ́n fi ògiri bò tí a ò rí páànù ẹ̀ láti ìta yẹn, ó gbayì nínú fọ́tò, àmọ́ gọ́tà inú ẹ̀ máa ń dí, òjò á sì wá POP yẹn wá. Kó o tún bi àwọn àgbà àdúgbò ibi tí omi dé ní 2012 àti ní 2022. Àwọn àgbà ni mo ní o, má bi ẹni tó ń ta ilé.

Ọ̀rọ̀ ìwé. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, tí ẹni tó ní C of O, ìwé ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀, bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ ẹ̀ fún ẹlòmíràn, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bi wọ́n bóyá C of O kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ẹ́sítéètì, lórúkọ ta ni, àti bóyá wàá rí ìwé tìẹ gbà tí gómìnà fọwọ́ sí. Ìwé dídán tí wọ́n tẹ̀ fúnra wọn tí wọ́n pè ní allocation, rìsíìtì lásán tó wọ agbádá ni. Fún lọ́yà tìẹ lówó kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀, tiwọn kọ́.

Kó o sì ní kí wọ́n tú owó yẹn sílẹ̀ fún ẹ: ilẹ̀ èló, ìpìlẹ̀ àti bílọ́ọ̀kù èló, òrùlé èló, POP àti iná àti géètì èló. Gbé e fún quantity surveyor kan, ẹni tó ń ṣírò owó ilé kíkọ́, wàá rí i pé àwọn nǹkan tó fa ojú ìyàwó ẹ mọ́ra yẹn, owó wọn ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n fi sórí ilé torí wọn. Tí wọ́n bá ní sìmẹ́ńtì ló wọ́n, òótọ́ ni, ó wọ́n, àmọ́ kí wọ́n má sọ pé owó ọkọ̀ ló gbé e débẹ̀ o, Obajana tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì wà nìyẹn lójú ọ̀nà Kabba.

Tí gbogbo ẹ̀ bá já sí dáadáa tó o ṣì fẹ́ rà á, má san ìdajì lẹ́ẹ̀kan. Ìpìlẹ̀ débí, o san tibí, òrùlé débí, o san tibẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, ìyàwó ẹ náà á gbà fún ẹ.

ÌBÉÈRÈ: Bírìkìlà mi ní Egbe ní òun ní plan kan lọ́wọ́ tóun ti fi kọ́ ilé mẹ́rin, ó ní kí n má wulẹ̀ náwó lórí tuntun. Ṣé kí n gbà?
— Ẹni tó fẹ́ kọ́lé, Egbe

ÌDÁHÙN: Gbà á, tí owó bá wálẹ̀ torí ẹ̀. Tí kò bá wálẹ̀, kí lo fẹ́ fi plan àlòkù ṣe? Àmọ́ ilẹ̀ ọ̀dọ̀ yín lè jẹ́ àpáta níbí kó jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀ lókè ọ̀hún, ìpìlẹ̀ ilé mẹ́rin yẹn kì í ṣe ìpìlẹ̀ tìẹ, jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wo ilẹ̀ kó tó gbẹ́ ẹ. Kí sọ́kàwéè jìnnà sí kànga, tìẹ àti ti aládùúgbò, èyí tí ò sí lórí plan yẹn torí ẹni tó yà á ò mọ aládùúgbò ẹ. Kó o tó san kọ́bọ̀, lọ bá àwọn onílé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tó máa yí padà ká ní ó tún fẹ́ kọ́ ọ. Bá àwọn ìyàwó ilé sọ̀rọ̀ kíṣìnnì lọ́tọ̀, àwọn ọkọ ò mọ ibi tí èéfín ń gbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé lórí ilẹ̀ ẹbí tí wọ́n tà lẹ́ẹ̀mejì, mo rí tiyín, ó di oṣù tó ń bọ̀.