Ṣé dandan ni kéèyàn kọ́ gbogbo declension Látìn (ìyẹn ọ̀wọ́ tí wọ́n pín ọ̀rọ̀ orúkọ sí, bí ìparí wọn ṣe ń yí padà) kó tó lè ka anátọ́mì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara?

Rárá o, kò pọn dandan, nominative àti genitive nìkan lo máa nílò, ti ẹyọ kan àti ti ọ̀pọ̀. Nominative ni orúkọ nǹkan náà fúnra ẹ̀, genitive ló ń sọ pé "ti nǹkan báyìí". Wo caput femoris, ìyẹn orí egungun itan, femur ló di femoris níbẹ̀, tó o bá wá dé ligamentum capitis femoris, ìyẹn okùn ara tó di orí egungun itan mú, wàá rí i pé caput náà ti di capitis.

Márùn-ún ni declension tó wà, àmọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló kó èyí tó pọ̀ jù. Ti àkọ́kọ́, bíi vena, venae (iṣan ẹ̀jẹ̀), rọrùn, ti ìkejì, bíi musculus, musculi (iṣan ara), náà rọrùn. Ìkẹta gan-an ni kó o fara balẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń yí padà látìdí: os, ossis ni egungun, os, oris ni ẹnu, ojú kan náà ni wọ́n ní nínú nominative, genitive ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Torí ẹ̀, má kọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láé, kọ́ ọ pẹ̀lú genitive ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kódà ara genitive yẹn ni oral (ti ẹnu) àti femoral (ti itan) tí àwọn dókítà ń pè ti jáde.

Ìkẹrin àti ìkarùn-ún ò pọ̀, bíi ductus (ọ̀nà tí omi ara ń gbà) àti facies (ojú). Ṣọ́ra níbí o: ọ̀pọ̀ ductus ṣì ni ductus, kì í ṣe "ducti".

Àwọn ọ̀rọ̀ àìsàn bíi gastritis (kí àpò oúnjẹ inú ikùn wú) yàtọ̀, Gíríìkì ni wọ́n ti wá.