Sanwó bùọ̀dá télọ̀ ná

Lẹ́tà ẹ gùn o, mo sì kà á tán. Ohun tó o bi mí ni bó o ṣe máa ṣe é tí dádì ẹ á fi gbà kó o lọ ka fashion design, dípò Accounting tí wọ́n ní kó o fi sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Àmọ́ ọ̀rọ̀ dádì kọ́ ló ká mi lára. Ìlà kan tó o sáré gbà kọjá nísàlẹ̀ ni: "Èmi kì í ṣe télọ̀ ma, designer ni mí, mo kàn máa ń yà á ni, bùọ̀dá kan ní Láfẹ́nwá ló ń bá mi rán an, mo ṣì jẹ ẹ́ lówó aṣọ mẹ́ta àmọ́ kò le."

Kò le fún ta ni? Ìwọ náà lo sọ pé àwọn oníbàárà ẹ ti sanwó pé kí wọ́n tó gbaṣọ. Aṣọ mẹ́ta, ₦9,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦27,000 nìyẹn, láti ọjọ́ Iléyá! Màmá mi ránṣọ fún ogún ọdún lábẹ́ àtíbàbà kan ní Adátán, l'Ábẹ́òkúta níbí, mo mọ bí ẹsẹ̀ wọn ṣe máa ń wú tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́ ní Sátidé, mo sì mọ àwọn tó máa ń gbaṣọ lọ òde tí wọ́n á ní "ó di Mọ́ńdè". Mọ́ńdè yẹn ò dé títí màmá mi fi ta maṣín. Torí náà tí mo bá ń le mọ́ ẹ, fara dà á.

O tún ní bùọ̀dá yìí máa ń yọ ẹ́ lẹ́nu, ó pè ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí gáùn àdìrẹ tó o ra yáàdì mẹ́rin fún ní Ìtòkú, pé aṣọ ò ní tó. Wá, jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ìsàlẹ̀ gáùn tó o yà ṣí yíká bí agboòrùn, o ní gígùn ẹ̀ jẹ́ ínṣì 40, wéèsì oníbàárà 30, aṣọ náà fẹ̀ tó ínṣì 45. Gígùn 40 pẹ̀lú bí ínṣì márùn-ún tí ihò wéèsì á gbà láàárín, ó ti di 45 láti àárín dé etí. Ààbọ̀ òbìrí yẹn nìkan á jẹ ínṣì 90, ààbọ̀ kejì náà á jẹ 90, ó di 180, yáàdì márùn-ún gbáko, a ò tíì fọwọ́ kan àyà, a ò tíì sọ ti apá. Yáàdì mẹ́rin ẹ, ínṣì 144 ni. Orí fóònù ni bùọ̀dá ti wo àwòrán ẹ tó sì ti mọ̀, ìwọ tó o fẹ́ lọ gboyè lórí ẹ̀ lo wá ń bínú.

Ta ló tiẹ̀ sọ fún ẹ pé yíyà nìkan ni wọ́n ń ṣe nílé ìwé? Ìbáà jẹ́ yunifásítì ọdún mẹ́rin, ìbáà jẹ́ polí tó o ti máa ṣe ND ọdún méjì, IT ọdún kan tó o máa fi lọ kọ́ṣẹ́ níta, HND ọdún méjì, wọ́n á gbé ẹ jókòó sídìí maṣín, wọ́n á ní kó o gé pátánì lórí pépà, apá aṣọ tó o rán tí kò jókòó, wọ́n á ní kó o tú u. Mo ti rí ọ̀pọ̀ irú ẹ tó jẹ́ ibẹ̀ ni ẹkún ti bẹ̀rẹ̀.

Wo Màmá Shade Thomas-Fahm, ọ̀kan lára àwọn designer àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n bá lọ sí London ní 1953, iṣẹ́ aṣọ ni wọ́n kọ́ bọ̀, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Èkó ní 1960. Àwọn ló ṣe ìró onísíìpù àti gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀ fúnni, ẹni tí ò mọ bí aṣọ ṣe ń ṣe lọ́wọ́ ò lè ro irú ẹ̀ láéláé.

Dádì ẹ ní o ò mọ nǹkan kan nínú iṣẹ́ yìí. Kí ni kí n bá wọn jiyàn lé lórí báyìí? Fi ₦27,000 yẹn ránṣẹ́ sí bùọ̀dá lónìí, gbogbo ẹ̀ o, má ṣẹ́ ẹ kù, kó o wá bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kó o máa wá jókòó tì í. Tó bá ní kó o kọ́kọ́ gbálẹ̀, gbá a. Ìgbà tó o bá tún fẹ́ kọ̀wé sí mi nípa dádì ẹ, rìsíìtì tiransifá yẹn ni kó o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́.