CK ọmọ mi jẹ́ 14,600: ṣé ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún márùn-ún. Ó máa ń ṣubú lemọ́lemọ́, bó bá sì fẹ́ dìde nílẹ̀, ọwọ́ ló fi ń ti itan ara rẹ̀ gòkè. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, AST àti ALT, àwọn èròjà tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀dọ̀ wò, ga, wọ́n ní ẹ̀dọ̀ ni. Ó ti lo oògùn ẹ̀dọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Dókítà mìíràn ní ká ṣe àyẹ̀wò èròjà iṣan kan tó ń jẹ́ CK: 14,600. A tún un ṣe, ó di 9,800. Ṣé ara rẹ̀ ti ń yá nìyẹn? – Ìyá ọmọ, Ìkéré-Èkìtì

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. AST àti ALT kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀ nìkan, iṣan ara náà ní wọn. GGT, èròjà mìíràn tí wọ́n ń yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀, ló ń yanjú ọ̀rọ̀ náà: ẹ̀dọ̀ ní in, iṣan kò fi bẹ́ẹ̀ ní in. Bí GGT ọmọ bá wà ní ìwọ̀n tó yẹ, ẹ bi dókítà yín bóyá oògùn ẹ̀dọ̀ náà ṣì wúlò. Àgbo ẹ̀dọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fún un rárá. Ó máa ń dùn wá bí oṣù gbọọrọ bá lọ sórí ẹ̀dọ̀ tí kò ṣàìsàn.

Inú iṣan ni CK ń gbé. Nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà, kì í sábà kọjá nǹkan bí 200. Nínú àìsàn iṣan àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní Duchenne, tí àmì ọmọ yín jọ, ó lè fi ìlọ́po mẹ́wàá sí ọgọ́rùn-ún ju ìwọ̀n lọ, láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ. Èròjà dystrophin tó ń di awọ fẹ́lẹ́ ara iṣan mú ni kò sí, nítorí náà iṣan ń ya bó ti ń ṣiṣẹ́, CK sì ń jò jáde.

Ti 9,800 yẹn, kì í ṣe ìwòsàn. Eré àná, ìṣubú tàbí abẹ́rẹ́ ìdí lè gbé e sókè. Ìsinmi lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, á tún máa wálẹ̀ torí ọ̀rá ti gba ipò iṣan. Bí omi garawa tó ń jò bá ń tán lọ, jíjò rẹ̀ á dín kù, àmọ́ ihò kò tíì dí. Ẹ má fowó ṣòfò lórí CK oṣooṣù.

Àyẹ̀wò jíìnì dystrophin ni kẹ́ ẹ fowó sí. Ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà ọmọdé ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Adó tàbí Ìdó-Èkìtì, kí wọ́n sì yẹ ọkàn ọmọ wò. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe àyẹ̀wò jíìnì yẹn: ìyá lè gbé jíìnì náà láìṣàìsàn, CK rẹ̀ sì lè wà ní ìwọ̀n, nítorí náà CK nìkan kò tó láti dá yín sílẹ̀. Nígbà mìíràn, ara ọmọ gan-an ni àyípadà náà ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Bó bá ní àbúrò ọkùnrin, kí wọ́n wo CK tirẹ̀.

Bí wọ́n bá fún un ní prednisolone, oògùn tó ń dín bí iṣan ṣe ń rọ kù, ẹ má dá a dúró lójijì. Bí iṣẹ́ abẹ bá sì délẹ̀, ì báà ṣe kékeré, ẹ sọ fún ẹni tó ń fún un ní oògùn orun pé kò gbọ́dọ̀ lo suxamethonium, oògùn tó ń dẹ iṣan, fún un: ó lè dá ọkàn ọmọ dúró. Ẹ kọ ọ́ sí iwájú káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ lónìí.