Ìbéèrè Òǹkàwé: Ṣé rírìn pẹ̀lú ajá tó eré ìdárayá?

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin aránṣọ ni mí ní Kétu, ìdí ẹ̀rọ ni mo sì máa ń wà láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ó sì ní kí n máa ṣe eré ìdárayá. Èmi ni mo ń mú ajá wa, ọmọ ọdún 3, jáde lójoojúmọ́ gba ọ̀nà Àkàbà Ìdènà, ṣùgbọ́n kò sí ìdí igi tí kì í dúró gbóòórùn. Ṣé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ tó fún mi? Bí kò bá tó, mo fẹ́ kí àwa méjèèjì máa sáré lọ́sàn-án, nígbà tí ẹsẹ̀ oníbàárà bá dá.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú eré ọ̀sán kúrò ńlẹ̀, nítorí ó lè pa ajá yín. Ajá kì í làágùn bí ènìyàn. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni òógùn díẹ̀ ti ń jáde, mímí helehele ni ó sì fi ń tu ara rẹ̀ lára. Bí ooru ara rẹ̀, tí kì í sábà kọjá ìwọ̀n 39, bá ti lé ní 40, ewu ti dé, bẹ́ẹ̀ ni ajá tí ó fẹ́ràn olówó rẹ̀ yóò máa tẹ̀ lé e títí yóò fi ṣubú. Kí ẹ tó jáde, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọ̀dà títì fún ìṣẹ́jú àáyá 7. Bí ọwọ́ yín kò bá lè gbà á, ẹsẹ̀ ajá náà kò lè gbà á. Ní àsìkò ooru, láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin, kí aago méje òwúrọ̀ tó lù ni ó dára jù. Bí ó bá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tí itọ́ rẹ̀ sì ki, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí i lára, kí ẹ sì wá dókítà ẹran kíákíá.

Ní ti ìrìn yín, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2020 pé ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ni kí àgbàlagbà fi ṣe ìdárayá tí ó mú èémí yára níwọ̀nba, ìyẹn ni pé ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ẹ kò lè kọrin. Ìdúró ìdí igi kò sí nínú èyí. Síbẹ̀, ẹ má fi òórùn gbígbọ́ du ajá, nítorí ìròyìn àdúgbò ni ó ń gbọ́ níbẹ̀. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, kí ẹ tú okùn sílẹ̀ gbọọrọ, lẹ́yìn náà, ẹ ká okùn kúrú, ẹ pè é ní «Ó yá!», kí ẹ sì yára rìn fún ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹja gbígbẹ díẹ̀ nígbà tí ó bá gbọ́ràn yóò tètè kọ́ ọ. Bí ó bá sì ń gbóòórùn, ẹ máa tẹ orúnkún bí ẹni fẹ́ jókòó sórí àpótí, kí ẹ sì dìde, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá-ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, nítorí àjọ náà fẹ́ kí iṣan ara ṣiṣẹ́ ní ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí àwọn aládùúgbò bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí wọ́n rín in.

Eré sísá lè dúró di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn tí dókítà yín bá ti fọwọ́ sí i: ẹ sáré fún ìṣẹ́jú kan, ẹ rìn fún méjì. Egungun ajá yín ti gbó tó. Ọmọ ajá tí kò tíì pé ọdún kan ni a kì í mú sá eré jíjìn. Ẹ má bọ́ ọ yó kí ẹ tó jáde.

Ẹ má ṣe wé okùn mọ́ ọrùn ọwọ́, nítorí ewúrẹ́ kan ṣoṣo lójú ọ̀nà tó láti fà yín ṣubú. Nítorí pé ẹ ó máa pàdé ajá mìíràn, ẹ rí i pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì bi dókítà ẹran léèrè ìgbà tí yóò tún gba òmíràn.