Ṣé a lè kó ẹja wẹ́wẹ́ inú ibú òkun fi ṣe oúnjẹ ẹja ọ̀sìn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń sin ẹja, owó oúnjẹ wọn sì ń ga sí i. Mo kà pé ẹja kéékèèké tó wà nínú ibú òkun pọ̀ rẹpẹtẹ. Kí ló dé tí a kò kó wọn, kí a lọ̀ wọ́n fún ẹja ọ̀sìn jẹ?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni pé wọ́n pọ̀. Lanternfish àti bristlemouth, tí púpọ̀ nínú wọn kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ń gbé ní nǹkan bí 200 sí 1,000 mítà sísàlẹ̀ òkun. Ṣùgbọ́n iye wọn ṣì ń fa àríyànjiyàn: ní 1980, àwọn onímọ̀ fojú bù ú sí bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan, ní 2014, àwọn tó fi ìró díwọ̀n iye ẹja inú òkun sọ pé ó lè tó bílíọ̀nù mẹ́wàá, nítorí pé àwọn ẹja náà máa ń sá fún àwọ̀n. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ yìí nìkan tó láti mú ènìyàn fara balẹ̀.

Ìrìn wọn ló jọ mí lójú jù. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọ̀pọ̀ nínú wọn á gòkè wá sítòsí ojú omi láti jẹ àwọn ẹ̀dá tín-ín-tìn-ín tó ń léfòó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti padà sínú òkùnkùn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tó ń fi ìró wá ọkọ̀ abẹ́ omi rí ohun tó dà bí ìsàlẹ̀ òkun níbi tí omi ti jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, “ìsàlẹ̀” náà sì máa ń gòkè lálẹ́. Àpò afẹ́fẹ́ inú àwọn ẹja wọ̀nyí ló ń dá ìró náà padà. Bí ẹ bá dojú ikùn lanternfish sókè, ẹ ó rí àmì róbótó-róbótó tó tò síbẹ̀: wọ́n ń tàn, ẹja náà sì ń mú ìmọ́lẹ̀ wọn bá èyí tó ń tòkè bọ̀ mu, kí ọ̀tá tó wà nísàlẹ̀ má baà rí òjìji rẹ̀.

Síbẹ̀, tuna, squid àti dolphin ń jẹ wọ́n, nítorí náà ẹni tó bá ń kó wọn ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹja tí àwọn apẹja ti ń pa tẹ́lẹ̀. Kábọ́ọ̀nù (èròjà tó wà nínú afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná) tó wà nínú ohun tí wọ́n jẹ lókè náà, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń mí púpọ̀ nínú rẹ̀ jáde, tí wọ́n sì ń yà á nígbẹ̀ẹ́, ó sì lè pẹ́ gan-an níbẹ̀ kó tó padà sínú afẹ́fẹ́.

Ní ti owó, wọ́n fọ́n káàkiri, epo tí ọkọ̀ máa jó láti wọ́ àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ lọ sí irú jíjìn bẹ́ẹ̀ kò kéré, ọ̀rá ara àwọn kan nínú wọn sì dà bí ìda. Ẹ kúkú wá orí àti egungun ẹja tó ṣẹ́kù nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé ẹja, tàbí ìdin eṣinṣin tí wọ́n ń sìn fún oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, kí ẹ sì fi sóyà kún un.